Ọkùnrin Tó Sùn Sábẹ́ Ilẹ̀

Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ni, ní Ìlúpéjú,
lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tí wọ́n ti tì pa.
Mo ti fi tépù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta,
mo ti ya páálọ̀ síwájú, yàrá sẹ́yìn,
bí mo ti í yà á fún gbogbo ayé.
Màdáàmù Mohini wo pépà mi títí,
ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún,
ó ní, "Ayàwòrán, o ti kọ́ ṣálángá lé ọkùnrin náà lórí."

Mo wo ilẹ̀. Koríko, àfọ́kù ìgò, bàtà ẹsẹ̀ kan.
"Ọkùnrin wo, Mà?"

Yorùbá rẹ̀ já gaara, Yorùbá Ìdúmọ̀tà,
ogójì ọdún tó fi wọn lésì ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀.
Ó ní nílẹ̀ àwọn baba òun ní Íńdíà,
ẹnì kan ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ tí a bá fẹ́ kọ́,
ó dojú bolẹ̀, ó ká apá, ó ká ẹsẹ̀.
Orí rẹ̀ wà níbi tí àríwá ti pàdé ìlà-oòrùn:
omi ni kó wà níbẹ̀, omi tó mọ́.
Iná, apá gúúsù ìlà-oòrùn,
kí ẹni tó ń dáná lè kí oòrùn káàárọ̀.
Ohun tó bá wúwo, kó lọ sọ́dọ̀ ẹsẹ̀.
"Ìdodo rẹ̀ ńkọ́?"
"Àárín gbùngbùn. Má mọ òpó síbẹ̀.
Jẹ́ kó máa rí sánmọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn àti ìṣirò
ni wọ́n pe ilé fún wa nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́ ní Yábàá.
Ó ku díẹ̀ kí n wí bẹ́ẹ̀,
ni Òkè Pópó bá yọ sí mi lọ́kàn,
ilé Sábítíyù oníbúrẹ́dì, ìyá bàbá mi:
yàrá mẹ́jọ yí àgbàlá kan ká,
páànù mẹ́rin tẹrí ba síra wọn,
òjò a máa wọlé bí àlejò tó mọ̀nà.
Ọmọ tó bá gbé àga síbẹ̀,
a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí ààrò:
"Gbé e kúrò lórí ìwọ́ baba rẹ!"
Ibẹ̀ ni wọ́n rì í mọ́.
Mo sì ti gbàgbé, èmi tí mo ń fi ilé jẹun.

Mo fa pépà mìíràn yọ.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Èkó kì í ṣe pépà.
Ní orí ọkùnrin náà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
sọ́kàwéè aládùúgbò ti ń jò sọ́dọ̀ wa láti èṣín.
Ẹ̀gbin lórí! Kò dáa lédè tirẹ̀,
kò dáa lédè tèmi.
Jinádù bíríkìlà ní ká ṣáà da kọnkéré bò ó,
ta ni yóò mọ̀?
Màdáàmù kò bá a jiyàn. Ó gbé ike ìpápánu kan,
ó lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, ó pẹ́ níbẹ̀.
Nígbà tó jáde, ike ti ṣófo,
wọ́n ti gbà láti jọ dáwó gbẹ́ tuntun sétí títì.

"Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?" Jinádù tún bèèrè,
"ẹ̀yà ara wo ló máa jókòó lé?"
Ẹ̀rín pa obìnrin náà títí ó fi húkọ́.
"Iná náà ṣáà ni. Gbé e sọ́dọ̀ iná."

Nírọ̀lẹ́, a jókòó sórí bulọ́ọ̀kù.
Ó bi mí, bí ẹni ń bèèrè iye ìṣó:
"Àgbàlá Òkè Pópó yẹn, ó ṣì wà?"
Mo ní wọ́n ti wó o,
pé pẹtẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí,
wọ́n ń ta bátìrì fóònù nísàlẹ̀.
N kò sọ pé òpó kan wà láàárín,
tí apá ọkùnrin kan kò ká,
pé ọwọ́ mi ló yà á.

Òjò ń ṣú bọ̀. Jinádù ń fi ọ̀rá bo sìmẹ́ǹtì.
Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi,
ó fa òbìrí kékeré kan sí àárín pépà,
kò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀.